Ìdáhùn Tó Dé Ṣáájú Ìbéèrè

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí kíláàsì tó mọ́ jù lọ ní gbogbo agbègbè Lálúpọn, kó gba ọ̀nà eléruku tó lọ sí Abà Ọdẹ, kó béèrè Pírámárì Fọ́ọ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán. Fèrèsé ibẹ̀ kò mọ eruku. Kódà, àwọn aláǹgbá tó ń gbé ara ògiri ibẹ̀ ti kó lọ sí Pírámárì Fáìfù, nítorí wọn ò rí kòkòrò jẹ mọ́. Àwọn òbí a máa yin Àǹtí Mùjíbátù, olùkọ́ kíláàsì náà, pé onímọ̀ọ́tótó ni. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé ìgbàkígbà tí agogo ìṣirò bá ti lù ni Àǹtí Mùjíbátù máa ń ní kí àwọn ọmọ mú ìgbálẹ̀.

Kì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ o. Bó bá di ká kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà, ẹnu rẹ̀ dùn ju ìrèké lọ. Bó bá ń pa àlọ́, àwọn ọmọ kíláàsì mìíràn a máa yọjú lójú fèrèsé. Ṣùgbọ́n ìṣirò! Bó bá ti ṣí ìwé ìṣirò báyìí, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, ẹfun ìkọ̀wé a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ jù láti gbá, a ní kí wọ́n lọ pọnmi. Bí omi bá kún, a ní kí wọ́n yẹ èékánná ara wọn wò. Bí ọ̀nà gbogbo bá wá dí pátápátá, a kọ ìṣirò mẹ́ta tó ti há sórí sójú pátákó, àwọn mẹ́rin tó jókòó níwájú, Ammar, Ishaq, Ànúolúwapọ̀ àti Àdúràọlá, a dáhùn, àwọn tó kù a dà á kọ. Ó parí nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà títí di òwúrọ̀ Ajé kan tí ọ̀gá ilé-ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Àjàní, pe àwọn olùkọ́ jọ.

"Ìyáàfin Morónikẹ́ ń bọ̀ láti Ìbàdàn lọ́jọ́bọ̀," ni wọ́n wí. "Wọ́n ti fi ìṣirò kọ́ni títí irun wọn fi funfun. Wọ́n ní àwọn fẹ́ wá ran àwọn olùkọ́ abúlé lọ́wọ́."

Wándé, olùkọ́ Pírámárì Fáìfù, bú sẹ́rìn-ín. "Ìrànlọ́wọ́ kẹ̀? Alábẹ̀wò ni wọ́n, sà. Ìgbà wo ni ológbò ti ń wá ran eku lọ́wọ́?"

"Kíláàsì wo ni wọ́n máa wọ̀, sà?" ni Mùjíbátù béèrè. Ẹ̀pà wà lẹ́nu rẹ̀.

"Tìrẹ ni."

Mùjíbátù gbàgbé láti jẹ ẹ̀pà náà. Ó gbé e mì bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ náà gan-an ni ìgbáradì bẹ̀rẹ̀. Ó to àwọn mẹ́rin iwájú lẹ́sẹẹsẹ, ó fún kálukú ní tirẹ̀. "Ammar, ìwọ ni àkọ́kọ́. Mẹ́rin lọ́nà mẹ́fà?"

"Mẹ́rìnlélógún, mà!"

"Ishaq, ìwọ ló kàn. Kí là ń pe ohun tó ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta?"

"Onígun mẹ́ta, mà!"

Ti Ànúolúwapọ̀ ni iye ìṣẹ́jú tó wà nínú wákàtí kan. Ọgọ́ta ni yóò wí. Ti Àdúràọlá ni ohun tí yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan bí ọmọ méjì bá pín ọsàn kan dọ́gba; ìdajì ọsàn ni yóò wí. "Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa," ni Mùjíbátù kìlọ̀. "Bí mo bá ti béèrè báyìí, ẹni tó kàn kó fò dìde. Mi ò fẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yọjú rárá." Wọ́n sọ ọ́, wọ́n tún un sọ, àfi bíi pé àwọn ẹyẹ orí igi máńgòrò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, ọ̀kadà kan já wọ ọgbà ilé-ìwé. Mùjíbátù ti ń retí obìnrin gíga kan tó fajú ro. Àgbàlagbà kúkúrú kan tó sanra díẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀, tòun ti bàtà kánfáàsì, akoto lórí gèlè, eruku pupa dé ìpéǹpéjú, wọ́n ṣì ń bá ọlọ́kadà rẹ́rìn-ín lórí ohun tí wọ́n jọ ń sọ bọ̀ láti Lálúpọn. Wọ́n kí gbogbo kíláàsì, wọ́n gbé akoto lé itan, wọ́n sì lọ jókòó lórí bẹ́ńṣì tó gbẹ̀yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rùqáyyàh, ọmọbìnrin kan tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀rọ̀ rí láti ìgbà tó ti wọ kíláàsì náà.

Mùjíbátù wúkọ́ díẹ̀. Ó wojú bẹ́ńṣì iwájú. Ishaq wà níbẹ̀, Ànúolúwapọ̀ wà níbẹ̀, Àdúràọlá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Ammar ò sí! Bàbá rẹ̀ ti mú un lọ sí Ìrókò, níbi tí wọ́n ti ń sọ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórúkọ. Àmọ́ ìbéèrè ti dé ètè, kò ṣeé dá padà.

"Mẹ́rin lọ́nà mẹ́fà jẹ́ mélòó?"

Ishaq wo àyè Ammar. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Àǹtí sì ti ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ò gbọdọ̀ yọjú. Ó fò dìde bí ẹni tí èèrà ta.

"Onígun mẹ́ta, mà!"

Mùjíbátù ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó sáré bọ́ sórí èkejì, bóyá nǹkan á tún ara rẹ̀ ṣe. "Kí là ń pe ohun tó ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta?"

"Ọgọ́ta ìṣẹ́jú, mà!" Ànúolúwapọ̀ ló wí bẹ́ẹ̀, ó ti dìde kó tó béèrè tán.

"Ìṣẹ́jú mélòó ló wà nínú wákàtí kan?"

"Ìdajì ọsàn, mà!" Àdúràọlá tiẹ̀ kúnlẹ̀ sí i, nítorí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni.

Ó wá ku ìbéèrè kan, kò sì sẹ́ni tó kù láti dáhùn. "Bí... bí ọmọ méjì bá pín ọsàn kan dọ́gba, kí ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan?"

Kíláàsì pa lọ́lọ́. Ewúrẹ́ kan tó ń jẹko lẹ́yìn fèrèsé ló dáhùn: "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀."

Ẹ̀rín kan bú jáde láti ẹ̀yìn. Ìyáàfin Morónikẹ́ ni! Wọ́n rẹ́rìn-ín títí akoto fi bọ́ lórí itan wọn, tó yí gbirigbiri wá sẹ́sẹ̀ Mùjíbátù. Àwọn ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Ní ti Mùjíbátù, ká ní ilẹ̀ lanu ni, kì bá dúró kó pè é lẹ́ẹ̀mejì.

Màmá náà dìde, wọ́n rìn wá síwájú, wọ́n ń nu omi ẹ̀rín lójú. "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Eré tuntun lẹ ṣe fún mi yìí. Ìdáhùn ti dé, ìbéèrè ṣì wà lọ́nà. Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ pàdé rẹ̀. Ìdajì ọsàn: ta ló lè bá mi wá ìbéèrè tó bí i?"

Àwọn ọmọ wo ara wọn lójú. Ọmọkùnrin kan láàárín, tí Mùjíbátù ò rántí ìgbà tó gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́yìn, nawọ́. "Bí ọmọ mẹ́fà bá pín ọsàn mẹ́ta, mà."

"Ẹ gbọ́ o! Òmíràn?"

"Bí mo bá ní ọsàn kan, tí ẹ̀gbọ́n mi bá já ìdajì gbà!"

"Bí mo bá ní ọsàn méjì, tí mo jẹ ọ̀kan àti ààbọ̀!"

Kí ó tó pẹ́, ọwọ́ ti kún òkè bí ìgbà tí oko àgbàdo yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Mùjíbátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó lanu sílẹ̀. Ìṣirò náà nìyí tó ti ń fi ìgbálẹ̀ lé lọ láti ọdún tó ti dé ibẹ̀. Àwọn ọmọ ń du ú bí ẹni ń du àkàrà gbígbóná.

Nígbà tí agogo ìsinmi lù, àwọn méjèèjì jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Mùjíbátù ò lè wojú màmá náà.

"Ẹ ó fẹjọ́ mi sun ọ̀gá, mà?"

"Ẹjọ́ wo? Ṣé nítorí pé ewúrẹ́ dáhùn ìbéèrè?" Ẹ̀rín tún fẹ́ pa wọ́n. "Mùjíbátù, ìgbà wo ni ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ́rù bà ọ́?"

Kò sí ẹni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí. Ó fi ẹsẹ̀ ya ilẹ̀. "Nígbà tí mo wà ní ìwé kejì girama, mo nawọ́ láti dáhùn ìṣirò kan. Mo ṣì í. Olùkọ́ wa ní kí n jókòó, pé orí obìnrin kì í gba ìṣirò, kí n lọ kọ́ ọbẹ̀ sísè. Àwọn ọmọkùnrin fi mí rẹ́rìn-ín. Mo bá jókòó, mà. Mi ò tíì dìde láti ìgbà náà."

"Irọ́ ni olùkọ́ yẹn dì lẹ́rù fún ọ, o sì ti ń rù ú kiri látọjọ́ yìí. Sọ ọ́ kalẹ̀." Wọ́n fọwọ́ gbá a léjìká. "Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́ ní nǹkan kan. Ǹjẹ́ o ti jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn rẹ yẹn rí?"

"Rárá, mà."

"Láti ibẹ̀, pátákó rẹ ò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Àwọn mẹ́rin iwájú ni ò ń bá sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ lójoojúmọ́, tó jẹ́ pé ọmọ mẹ́rin kan náà ló ń jẹ ẹ́, kí la máa sọ nípa àwọn tó kù?"

"Pé ebi ń pa wọ́n, mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. A ò ní sọ pé wọn ò lẹ́nu."

Wọ́n fún un ní nọ́ńbà fóònù wọn. Wọ́n ní àwọn ń padà bọ̀, àmọ́ kó dá a gbìyànjú ná.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Mùjíbátù gbìyànjú. Ó ní kí wọ́n to bẹ́ńṣì ní agbo, ó sì kéde pé, "Ogún ni ìdáhùn! Ta ló ní ìbéèrè?" Áà! Ó dà bíi pé ó ju òkò sínú ilé agbọ́n. Gbogbo wọn ló pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Ammar, tó ti dé láti Ìrókò tó sì ń bínú pé eré kan kọjá lẹ́yìn òun, ń fi ohùn bo ti gbogbo ènìyàn mọ́lẹ̀. Ishaq gun orí bẹ́ńṣì. Àwọn mẹ́rin iwájú tún gba eré náà mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́, Rùqáyyàh sì ń wo fèrèsé. Wándé yọ orí sẹ́nu ọ̀nà.

"Àǹtí Mùjíbátù, ṣé ọjà Lálúpọn ti kó dé ibí ni?"

Ojú tì í. Ó ní kí wọ́n mú ìgbálẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde, ó pe Ìyáàfin Morónikẹ́ lórí fóònù, ó rò ó bó ṣe rí.

"Ó dára gan-an," ni màmá náà dáhùn.

"Kí ló dára níbẹ̀, mà?"

"Ariwo yẹn. Ọmọ tó ń jìjàdù nítorí ìṣirò, ṣé o ti rí i rí? Ó ku ká fi omi sí i. Bí o bá ti béèrè, panu mọ́. Ka ení, èjì dé ẹ̀wá nínú ikùn rẹ. Kí ẹnikẹ́ni má nawọ́. Kí kálukú kọ́kọ́ sọ tirẹ̀ sétí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kejì rẹ̀ bá a sọ ọ́ síta. Kò sẹ́ni tó máa sọ tara rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pariwo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ tẹlòmíràn."

"Bí wọ́n bá wá sọ ohun tí èmi fúnra mi ò mọ̀ ńkọ́?"

"Sọ pé o ò mọ̀."

Mùjíbátù yọ fóònù létí, ó wò ó, bóyá fóònù náà ló bàjẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ẹ̀pà wá sí kíláàsì nínú abọ́ kan, fún kíkà. Ó pín àwọn ọmọ ní méjì-méjì: kò jẹ́ kí ará iwájú kan jókòó ti ará iwájú. Àdúràọlá bá ara rẹ̀ lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rùqáyyàh. Mùjíbátù kọ ìdáhùn sójú pátákó: mẹ́rìnlélógún. Ó panu mọ́.

Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ọ̀fun ń yún un. Nígbà tó dé ẹ̀je, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó gé ètè jẹ. Nígbà tó dé ẹ̀wá, ó fọwọ́ ṣàpẹẹrẹ sí wọn, ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ bí òjò wẹliwẹli lórí ewé kòkó. Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jíṣẹ́ fún ara wọn. "Ishaq ní méjìlá lọ́nà méjì." "Ammar ní ọgbọ̀n yọ mẹ́fà." "Ọ̀rẹ́ mi ní mẹ́jọ lọ́nà mẹ́ta." Gbogbo èyí, Mùjíbátù mọ̀ wọ́n. Ọkàn rẹ̀ ti ń balẹ̀ nígbà tí Àdúràọlá dìde lẹ́yìn.

"Rùqáyyàh ní àádọ́ta yọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mà."

"Irọ́ ni!" Ammar ti fò. "Ó ti tóbi jù!"

Gbogbo ojú yí sí Àǹtí. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe, òógùn ń yọ. Àádọ́ta... mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n... Ó ya ojú sí ibi tí ìgbálẹ̀ wà. Ìgbálẹ̀ náà ń wò ó. Ó yí ojú padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ.

"Mi ò mọ̀," ni ó wí.

Ishaq la ojú rẹ̀ sílẹ̀ rekete. "Àǹtí ò mọ̀ ọ́n?"

"Àǹtí ò mọ̀ ọ́n. Ọgbọ́n wo la máa dá ká lè mọ̀ ọ́n?"

Òrùlé ò jìn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Dípò bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn rọ́ bo abọ́ ẹ̀pà. Wọ́n ka àádọ́ta sórí ilẹ̀, wọ́n yọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sọ́tọ̀, wọ́n wá ka èyí tó kù. Mẹ́tàlélógún!

"Mo wí!" Ammar ń jó. Rùqáyyàh sorí kọ́.

Mùjíbátù wò yíká. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹnì kan ń rọra lọ sókè sódò. "Ànúolúwapọ̀, lanu."

Ànúolúwapọ̀ lanu. Ààbọ̀ ẹ̀pà ṣì wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ẹ̀rín pa kíláàsì títí àwọn kan fi dùbúlẹ̀. Mẹ́tàlélógún lórí ilẹ̀, ọ̀kan nínú ikùn Ànúolúwapọ̀: mẹ́rìnlélógún pé pérépéré.

"Rùqáyyàh," ni Mùjíbátù pè é, ó lọ lóṣòó síwájú ọmọ náà. "Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n láìka ẹ̀pà?"

Ohùn Rùqáyyàh kéré, ṣùgbọ́n kò gbọ̀n. "Orúkọ rẹ̀ ló sọ fún mi, mà. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n: mẹ́rin ló dín kó tó di ọgbọ̀n. Mo fún un ní mẹ́rin náà. Láti ọgbọ̀n dé àádọ́ta, ogún ni. Mẹ́rin àti ogún."

Mùjíbátù dúró sójú kan. Láti kékeré ló ti ń pe mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò gbọ́ "dín" tó wà nínú rẹ̀ rí. Ó tún un pè lábẹ́ ahọ́n. Mẹ́rin-dín-lọ́gbọ̀n. Àṣé látọjọ́ tó ti ń sá fún ìṣirò, ẹnu rẹ̀ ń ṣe é! Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbé Rùqáyyàh sókè, ó yí i po, àwọn ọmọ bá ń pàtẹ́wọ́, ariwo sì gba abà.

Ariwo náà ló gbé Ọ̀gbẹ́ni Àjàní wọlé, tòun ti ojú líle. "Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbí?"

"Ìṣirò ni, sà!" ni gbogbo kíláàsì dáhùn.

Ọ̀gá wo Mùjíbátù, wọ́n wo ẹ̀pà, wọ́n wo pátákó. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, Ishaq ti dọ̀bálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mẹ́rìnlélógún ni ìdáhùn. Kí ni ìbéèrè tiyín?"

"Tèmi kẹ̀?" Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ọmọ yìí! Mẹ́jọ lọ́nà mẹ́ta."

"Wọ́n ti sọ ọ́, sà."

"Méjìlá lọ́nà méjì."

"Wọ́n ti sọ ìyẹn náà, sà."

Ọ̀gá tú bọ́tìnnì ọrùn wọn. Wọ́n wo òkè àjà, wọ́n fi ìka ka nǹkan nínú àpò ṣòkòtò. Kíláàsì dúró dè wọ́n jẹ́ẹ́, nítorí Àǹtí ti kọ́ wọn láti dákẹ́ fún ẹni tó ń ronú. "Ọgọ́rùn-ún," ni wọ́n sọ nígbẹ̀yìn, "yọ mẹ́rìndínlọ́gọ́rin!"

Gbogbo ojú lọ sẹ́yìn. Rùqáyyàh di ojú, ó là á. "Mẹ́rin á mú un di ọgọ́rin. Ó ku ogún kó di ọgọ́rùn-ún. Wọ́n gbà á, mà."

Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ fún ọ̀gá. Ọ̀gbẹ́ni Àjàní tẹríba bí olóṣèlú tó wọlé ìbò, wọ́n sì jáde lọ láìrántí ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá.

Kí oṣù tó tán, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn Pírámárì Fọ́ọ̀ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ sílé. Wándé ni. Ó dúró bí ẹni tó wá yá iyọ̀.

"Ọ̀rọ̀ ìdá yìí ni," ló wí. "Bí mo bá ti kọ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin sójú pátákó báyìí, ojú àwọn ọmọ mi á kú."

"Ojú tìrẹ ńkọ́?"

Wándé wo ìta. "Tèmi náà máa ń kú díẹ̀."

Mùjíbátù rántí ọ̀rọ̀ ọjà Lálúpọn tó sọ sí i. Ó ti fẹ́ san án padà, àmọ́ ó rí bí ọkùnrin náà ṣe ń nu àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ara ṣòkòtò, ó sì mọ òógùn náà. "Jókòó," ló wí. "Ṣé iṣu wà ní oko yín?"

Bó ṣe di pé lọ́jọ́ Ẹtì, Pírámárì Fọ́ọ̀ àti Pírámárì Fáìfù jọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò nìyẹn, tí iṣu sísun gígùn méjì tó dọ́gba wà níwájú wọn pẹ̀lú abọ́ epo. Ìyáàfin Morónikẹ́ náà ti dé, wọ́n jókòó sórí akoto wọn láàárín àwọn ọmọ, wọn ò sọ nǹkan kan. Mùjíbátù gé iṣu kan sí mẹ́rin, ó gé èkejì sí mẹ́jọ.

"Ta ló máa kọ́kọ́ mú?" ló béèrè. "Ìdá kan nínú mẹ́rin, àbí ìdá kan nínú mẹ́jọ?"

"Èmi ni àgbà," ni Wándé sọ, ó na ọwọ́. "Mẹ́jọ ju mẹ́rin lọ. Ìdá kan nínú mẹ́jọ ni tèmi!"

"Háà, Ọ̀gbẹ́ni! Ẹ ti jìn sí kòtò!" Àwọn ọmọ ń pariwo, wọ́n ń fò, àwọn mìíràn ń fà á lọ́wọ́ kó dá a padà, wọ́n ń to ègé méjèèjì lé ara wọn láti fi hàn án. Rùqáyyàh wà láàárín wọn, ó ń sọ̀rọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Kò sẹ́ni tó lè sọ dájú bóyá Wándé mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é ni, tàbí kò mọ̀-ọ́n-mọ̀. Mùjíbátù ò bi í. Wándé ti iṣu kékeré náà bọ epo, ó jù ú sẹ́nu, epo ń ṣàn dé àgbọ̀n rẹ̀, ó sì ń bẹ àwọn ọmọ pé kí wọ́n tún un ṣàlàyé fún òun lẹ́ẹ̀kan sí i.